Ohun Tí Mo Sọ Lábẹ́ Igi Olódòdó

Iṣu ló gbé mi dé Japan. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Manigri, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, àwọn èèyàn á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, nítorí ta ló ń ti Manigri lọ kọ́ iṣẹ́ iṣu níbòmíràn? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti bá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní Bassila fún ọdún mẹ́rin. Mò ń gun alùpùpù lọ sí Pénéssoulou, mò ń lọ sí Doguè, mò ń fi han àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń gé iṣu sí kéékèèké fi ṣe èbù, kí wọ́n má baà máa ri èyí tí wọn ì bá jẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àyè sitáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́, ọdún kan ṣí sílẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní àríwá Japan, níbi tí gbogbo ìlú ti ń gbin iṣu, èmi ni wọ́n yàn.

Bàbá mi ti ń kọ ebè láti ìgbà tí kò tíì ga tó ọkọ́. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní iṣu níbẹ̀?"

"Wọ́n ní in, Baba."

"Wọ́n máa ń gún un?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọn kì í gún un. Ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ni mo rí i. Obìnrin kan bó iṣu ní tútù, ó rin ín lórí irin bí ẹni ń rin gbágùúdá, ó dà á sínú abọ́, ó ń fà bí ilá. Mo ń retí kí ó gbé e ka iná. Iwájú mi ló gbé e sí. Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo gbé e mì, ètè mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn."

Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa ní Japan nìyẹn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Bàbá kan tí ó ń jẹ́ Kudo ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó kúrú, ó gbẹ, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa. Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n ní kó lọ sinmi, kò lọ. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fi "san" sí ìdí orúkọ èèyàn fún ọ̀wọ̀. Kudo-san ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi, nínú ọkàn mi, Baba Kudo ni mò ń pè é.

Iṣu wọn funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó apá àgbàlagbà. Kò sí ebè. Ilẹ̀ ló ń wọ̀ ṣọnṣọ. Ẹ̀rọ á la kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwọ á wọ inú kòtò náà, wàá sì máa fi ọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kán, ojú ọjà ò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń kán iṣu, èmi tí mò ń kọ́ àwọn èèyàn ní Doguè! Baba Kudo kò bínú. Ó ń di ọwọ́ mi mú, ó ń gbé e sí ibi tó yẹ. Ọjọ́ tí mo fa ọ̀kan jáde láìkán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, òun nìkan, nínú oko tó tutù yẹn. Mo gbé iṣu náà sí àyà bí ọmọ tuntun. Mika, ọmọbìnrin tó ń di iṣu sínú páálí, tó sì gbọ́ Faransé díẹ̀, fi fóònù mi ya fótò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Èsì bàbá mi ni pé, "Iṣu yìí ò sanra." Síbẹ̀, inú mi dùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

* * *

Àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jọ ti ilé. Wọ́n ń tẹrí ba fún àgbà. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gbà á. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún ara wọn tí Mika gbìyànjú láti fi Faransé túmọ̀ fún mi, tí kò rí i túmọ̀. Mo ní kó má ṣe wàhálà. Mo ti mọ̀ ọ́n: ẹ kú iṣẹ́ ni.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni n kò lè fara dà. Ní Manigri, bí o bá jáde láti lọ ra ṣúgà, kí o tó padà, èèyàn mẹ́wàá ti bi ọ́ pé ṣé àwọn ará ilé wà dáadáa. Níbẹ̀, mo lè rìn láti ilé dé ọ̀nà oko, kí yìnyín máa bọ́ lé mi lórí, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan. Wọn kò kórìíra mi. Wọn kò fẹ́ dà mí láàmú ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, mo sì mọ̀ ọ́n tán, òtútù rẹ̀ kò dín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Àárọ̀ kùtù ni lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Bàbá mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé. Màmá mi ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ràmátù àbúrò mi ló wà pẹ̀lú rẹ̀, òun ló máa ń di fóònù mú fún un. Ìbéèrè bàbá mi kì í yí padà.

"Ṣé o ń kirun?"

"Mò ń ki í, Baba."

"Ọtí ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n máa ń mu ún gan-an níbẹ̀."

"Èmi kì í mu ún."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Òótọ́ ni mo ń sọ nígbà náà. Kí n sì sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi wá àwáwí: kò sí ẹni tó fipá mú mi mutí ní Japan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ lọ sí ilé oúnjẹ lẹ́yìn iṣẹ́, mo ṣàlàyé pé ẹ̀sìn mi kò gbà á. Ono, tó jẹ́ ṣẹ́fù wa, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tẹrí ba, ó ní kí n má bínú pé òun kò kọ́kọ́ béèrè. Láti ọjọ́ náà, kí a tó jókòó rárá, wọ́n á ti gbé tíì síwájú mi. Baba Kudo ló máa ń bu ú fún mi, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Ono yìí, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lójú iṣẹ́ ju iye páálí lọ. Bí wọ́n bá ti gbé ife sókè, tí wọ́n pariwo "kanpai", tó ti mu méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Á gbá èèyàn mọ́ra. Á sọ bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe ń pè é ní ọ̀lẹ. Mika á sọ pé òun fẹ́ fi ìlú náà sílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ti padé láti àárọ̀ á ṣí, èmi á sì jókòó pẹ̀lú tíì mi, bí ẹni tó ń wo ijó láti ojú fèrèsé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn á ti tún padé. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé inú ife yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà.

Èyí tí n kò rò ni pé ẹnìkan ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi láìmutí.

* * *

Baba Kudo ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Kì í tan rédíò. Ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yan àwọn ọ̀rọ̀ tó rọrùn kí n lè gbọ́, bí a ti ń já ẹran fún ọmọdé. Ó sọ fún mi nípa bí wọ́n ṣe ń fi màlúù fa iyẹ̀pẹ̀ nígbà bàbá rẹ̀. Ó bi mí bí a ṣe ń kọ ebè, ó ní kí n yà á sí ara gíláàsì ọkọ̀ tí èémí wa ti bò.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kìíní, yìnyín pọ̀ débi pé mo rò pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lè jáde. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé rẹ̀ láti bá a fi ṣọ́bìrì kó o. Mo kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́. Mo sún ilẹ̀kùn náà díẹ̀ láti pè é. Mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí kékeré kan tí fótò obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Ó gbé ife kékeré kan síwájú fótò náà. Ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀. Ó tín-ín-rín, ó ń ṣe bí ọmọdé, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn kó má bínú, tó sì mọ̀ pé kò bínú.

Ó yíjú, ó rí mi. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ sá sí. Kò bínú. Ó ní kí n wọlé nítorí òtútù.

"Ìyàwó mi ni," ó ní. "Ọdún méje rèé. Bí n kò bá tíì sọ̀rọ̀ fún un láàárọ̀, iṣẹ́ kì í lọ."

Mo tẹrí ba fún fótò náà.

Nínú ọkọ̀, ó ní: "Má sọ fún Ono àti àwọn yòókù. Wọ́n á ní mo ti darúgbó, wọ́n á ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Mo fi ọwọ́ lé àyà. "N kò ní sọ."

Láti ọjọ́ náà, ó máa ń sọ nǹkan nípa rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ tí kò fẹ́ràn, bí ó ṣe ń rìn. Orúkọ kan wà tí ó máa ń pè é, tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó sọ ìyẹn náà fún mi. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí èèyàn ṣe ń di ọmọ ilé nìyẹn. Mo rò pé bàbá arúgbó kan ń fi ọ̀rọ̀ pa ìrìn kúrú ni.

* * *

Ní oṣù karùn-ún, a wú iṣu tí ó sùn sínú ilẹ̀ láti ìgbà òtútù tán. Àwọn igi kan wà létí odò wọn tí wọ́n máa ń rudi nígbà náà. Kò ní sí ewé kan lára wọn, òdòdó nìkan, funfun tó ní pupa díẹ̀. Gbogbo ìlú á lọ tẹ́ tapólì sábẹ́ wọn, wọ́n á jẹun, wọ́n á mutí. Àwa náà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Oòrùn ràn. Mo wo òkè, mo rí òdòdó, mo wo ilẹ̀, mo rí ẹ̀rín, tíì mi sì wà lọ́wọ́ mi. Ó ku oṣù díẹ̀ kí n padà sílé. Mo rò ó pé màá padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni níbí mọ̀ mí.

Mo da tíì náà nù sínú koríko. Mo na ife sí Ono. "Ẹ bu tèmi."

Wọ́n pariwo. Mika ní, "Ẹ̀sìn rẹ ńkọ́?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Baba Kudo na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹnu ife mi.

"Kò pọn dandan," ó ní. "Wà bí o ṣe wà."

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ àgbà, ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́, mo gbé e kúrò bí ẹni gbé eṣinṣin kúrò.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Níbẹ̀, bí ife rẹ bá ṣófo, wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọtí kún un. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́, á fi í sílẹ̀ ní kíkún. Ní ilé wa, ohun tí àgbà bá bù fún ọ, o gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, wọ́n ń rọ ọ́ kún, mo ń mu ún tán, wọ́n ń rọ ọ́ kún, mo ń mu ún tán, oníkálukú wa rò pé òun ń ṣe ohun tó yẹ.

Ojú mi là, tàbí mo rò pé ó là. Ọ̀rọ̀ wọn tí n kì í gbọ́ dáadáa ń wọ etí mi bí omi. Mo dìde, mo ṣe bí Ono ṣe ń ka páálí, pẹ̀lú ìka lókè àti imú tó nà síta. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ono fúnra rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Ẹni kan ní, "Èèyàn wa ni!" Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára! Mo ṣe bí Mika ṣe ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rín náà ń lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kó padà. Mo ń wò kiri, ojú mi sì bọ́ sára Baba Kudo.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ìgò bíà kan síwájú mi bí fótò. Mo gbé ife kékeré síwájú ìgò náà. Mo sì mú ohùn tín-ín-rín yẹn jáde, mo pe orúkọ tí ó máa ń pè é, mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní àárọ̀ yìnyín yẹn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. N kò ṣi ọ̀kan sọ.

Ẹ̀rín náà padà. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n mọ ẹni tí mò ń ṣe lọ́gán, nítorí ohùn rẹ̀ ni. Ono ní, "Kudo-san, lóòótọ́?" Baba Kudo náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gbogbo wọn fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgò náà nílẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó rọ ọtí kún ife mi.

"Mu," ó ní.

Mo mu ún.

* * *

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, orí ń fọ́ mi. Mo rò pé kò ní wá gbé mi. Ó dé ní àsìkò rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà láti ìdájí: mo ní kí ó má bínú, mo ní n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Irọ́ sì ni, mo mọ̀ ọ́n.

"Àná?" ó ní. "N kò rántí nǹkan kan. Ẹ má ṣe ìyọnu."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Èdè wọn ní ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ẹni tiwa, ó sì ní èyí tí a ń sọ fún àlejò, bí "ìwọ" àti "ẹ̀yin" tiwa. Láti oṣù mélòó kan, "ìwọ" ni bàbá yìí ń bá mi sọ. Ní àárọ̀ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ "ẹ̀yin". Kí àgbà tó jù ọ́ lọ ní ogójì ọdún máa sọ "ẹ" fún ọ, ẹni tó bá gbọ́ èdè wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìgbátí ì bá sàn jù. Ó na ọwọ́, ó tan rédíò.

Mo lọ bá Ono. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ohun tí a bá sọ nídìí ọtí, ìdí ọtí la ń fi í sí." Gbogbo wọn ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe é dáadáa, pẹ̀lú ìfẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ara wọn. Ṣé ẹ rántí pé mo fẹ́ di èèyàn wọn? Mo dì í. Èmi náà ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà.

Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ Baba Kudo. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún un jẹ́jẹ́. Ono bi í bóyá á fẹ́ dín ọjọ́ iṣẹ́ kù. Ohun tó bẹ̀rù gan-an ni, ẹnu mi ló sì fà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò pe ilé. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ràmátù fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, Baba ń bèèrè yín. Ó ní ṣé yìnyín ti bò yín mọ́lẹ̀ ni?" N kò dáhùn. Ó pè, ó tún pè, mo wá gbé e. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló bá yín bẹ̀ ẹ́?" ó ní.

"Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan? Ẹ ṣẹ àgbà, ẹ sì dá lọ bẹ̀ ẹ́?"

"N kò ní ẹnikẹ́ni níbí, Ràmátù."

"Ẹ ní baba."

* * *

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Kí bàbá mi tó lè bá mi bẹ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo ṣe, láti orí ife dé orí ọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pè é. Mo ń gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Baba, mo mutí."

Ó ní kí n tún un sọ.

"Mo mutí, mo sì tú àṣírí bàbá tó ń kọ́ mi níṣẹ́, láàárín àwùjọ."

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán. "Ọtí," ó ní, "àárín ìwọ àti Ọlọ́run ló wà. Ti bàbá yìí ni kí a kọ́kọ́ mú. Ṣé ó jù mí lọ?"

"Ó fi ọdún méjì mẹ́ta jù yín lọ."

"Gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kó rí mi lójú. N kò ní máa bẹ àgbà nínú òkùnkùn."

Mo ní kí ó ṣe sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní rárá. Nítorí náà mo gbé fóònù, mo rìn lọ sí ilé Baba Kudo, mo kan ilẹ̀kùn kíkankíkan. Ó ṣí i. Mo ní, "Bàbá mi fẹ́ rí yín." Ó wò mí, ó ní kí n wọlé. Ó jókòó sórí ẹní koríko tí wọ́n fi bo ilẹ̀ ilé wọn. Mo gbé fóònù náà dúró ti ife kan níwájú rẹ̀, mo pe bàbá mi pẹ̀lú àwòrán.

Bàbá mi ti wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ sí ìrun Jímọ̀. Ó ti dé fìlà. Ràmátù di fóònù mú jìnnà kí gbogbo ara rẹ̀ lè hàn. Bàbá mi wo ojú Baba Kudo. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé wa ní Manigri.

N kò rí bàbá mi nínú ìdọ̀bálẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Àwọn tó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ti kú kí n tó gbọ́njú. Nítorí mi ló ṣe gbé agbádá sínú erùpẹ̀.

Baba Kudo pariwo kékeré kan. Ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

"Sọ fún un kó dìde," Baba Kudo sọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Baba, wọ́n ní kí ẹ dìde."

"Kí àwọn kọ́kọ́ dìde."

Mo sọ ọ́. Kò dìde. Èmi tí mo dá ọ̀ràn, èmi nìkan ni mo wà lórí ìjókòó. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, èmi náà dọ̀bálẹ̀. Ràmátù ló wá sọ̀rọ̀ láti Manigri, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín, ẹ dìde, apá ń ro mí." Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sọ fún un," bàbá mi ní, "pé èmi ni mo bí ọ. Ohun tí ẹnu rẹ ṣe, ẹnu mi ló ṣe é. Kí ó fi jì mí."

Mo sọ ọ́. Baba Kudo mi orí.

"Sọ fún bàbá rẹ pé ohun tó ń dùn mí kì í ṣe pé o sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jókòó láàárín èèyàn, mo fi ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, mo ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Sọ fún un pé ìyá rẹ kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Igi kajú kan wà lójú oko tó máa ń jókòó sí bí oòrùn bá mú. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń dúró, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ọjọ́ tí n kì í bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, mo máa ń sọ fún un pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Kò tíì ní kí n máa lọ."

N kò mọ èyí. Ràmátù náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí bàbá mi kò sọ fún àwa ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tí kò mọ̀ rí ló sọ ọ́ fún, ẹnu mi, ẹnu kan náà yẹn, ló sì gbà kọjá. Mo túmọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan. Bí mo ṣe ń fa iṣu ni mo ṣe fà á.

Baba Kudo sún mọ́ fóònù. "Kí ni ó máa ń sọ fún un?"

Mo bi bàbá mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún un pé n kò ní sọ. Kí òun náà má sọ tirẹ̀ fún mi."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

* * *

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá mi sọ "ìwọ". Mo yíjú sí fèrèsé ọkọ̀ kí ó má baà rí ojú mi. Nígbà tí Ono tún béèrè nípa dídín ọjọ́ iṣẹ́ kù, Baba Kudo sọ fún un níwájú gbogbo wa pé òun máa ń bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ láràárọ̀, òun á sì máa bá a lọ, iṣẹ́ òun kò sì falẹ̀. Ono tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. A gbin iṣu pọ̀, a ro oko pọ̀, ó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo lọ síbẹ̀ láti kọ́. Ṣùgbọ́n títí mo fi padà, kò tún sọ ohunkóhun nípa ìyàwó rẹ̀ fún mi mọ́. Ó fi jì mí. Ó sì ti ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́.

Bàbá mi kò mẹ́nu ba ọtí lórí fóònù. Mo ti dé Manigri fún oṣù kan, a ń kọ ebè lọ́wọ́, kó tó dúró, tó fara ti ọkọ́.

"Ṣé ó dùn?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. "Ó korò, Baba."

"O sì mu ún."

Ó padà sídìí ebè rẹ̀.

Orúkọ tí mo pe Baba Kudo níbí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni aṣọ tí mo ní láti fi bò ó. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó fẹ́ rin ìrìn bíi tèmi, ẹnìkan á máa bi mí lẹ́yìn náà pé: kí gan-an ni bàbá náà máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀? Mo mọ̀ ọ́n. Mo lè sọ ọ́ ní èdè wọn, mo lè sọ ọ́ ní tiwa, mo sì lè sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.